Ìwé Àlejò Ìyá Ganmọ: Kí Ni Nọ́ńbà Fóònù Yín Ń Ṣe Nínú Rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà ní Ganmọ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ganmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílé tán, ó ya yàrá mẹ́ta sọ́tọ̀ fún àlejò onígbà díẹ̀, ohun tí àwa ọ̀dọ́ ń pè ní shortlet. Ẹni tó bá mọ Ganmọ mọ̀ pé àlejò kì í wọ́n níbẹ̀. Ojú ọ̀nà Ilọrin sí Ajàṣẹ́-Ìpo ni. Ẹni tó wá síbi ìnáwó, ẹni tó ń lọ Òmù-Àrán tí ilẹ̀ ṣú bá lọ́nà, gbogbo wọn ló ń yà síbẹ̀. Ilọrin ni mo ti ń ka ìwé máásítà lórí kòkòrò àìfojúrí, mo sì máa ń lọ kí i lópin ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo bá a la ìwé àlejò rẹ̀.

Ìwé náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Orí tábìlì ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà, ní ṣíṣí. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wo nọ́ńbà ọmọbìnrin kan tó sùn síbẹ̀, ló bá ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i lóru. Ọmọbìnrin náà pe Ìyá Ganmọ, ó ń sunkún. Wọ́n lé ọmọkùnrin náà lọ, wọ́n bẹ ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n Ìyá Ganmọ ní òun ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́ láé. “Kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà ọmọ ọlọ́mọ ṣe ná?” Mo ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mà, nọ́ńbà yẹn lè gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ kan.” Wọ́n ní, “Báwo?” Ìdáhùn tí mo fún wọn ni mo kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó. Ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer, tó ń bọ̀ láti Làìbéríà, balẹ̀ síbẹ̀. Kò tíì kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú tó fi dìgbò lulẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn First Consultant ní Ọ̀bálẹ́ńdé, níbi tí Dókítà Ameyo Adadevoh ti fura pé Ebola ni, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò níbi tó ń lọ. Ọjọ́ 25 oṣù yẹn ni Sawyer kú. Dókítà náà kó àrùn ọ̀hún, òun náà sì kú lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ebola ní Èkó, níbi tí èèyàn ti ń fún mọ́ra bí ẹja sáàdì nínú dáńfó! Síbẹ̀, èèyàn 20 péré ló ní in ní Nàìjíríà, 8 kú, nígbà tó sì di 20 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. Kò sí àjẹsára nígbà náà o. Títọpasẹ̀ èèyàn ni wọ́n fi borí rẹ̀. Wọ́n wá èèyàn 894 tó ti fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n sì lọ bá wọn lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ẹ gbé kalikuléètọ̀ yín: 894 lọ́nà 21 jẹ́ 18,774. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu? Bíi pé wọ́n lọ wo ẹnì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21 ni.

Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ 21? Bí kòkòrò Ebola bá wọ ara, ó lè lúgọ fún ọjọ́ 2 sí 21 kí ibà tó dé. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni náà kì í tíì kó o ran ẹlòmíì. Nítorí náà, bí a bá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú, tí a ń wọn ìgbóná ara rẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ibà bá bẹ̀rẹ̀ gan-an la máa yà á sọ́tọ̀. Eré àsápajúdé ni láàárín àwa àti kòkòrò. COVID-19 tiẹ̀ tún burú jùyẹn lọ, torí ẹni tó ní in lè ti máa kó o ran èèyàn ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara tó ro ó rárá. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ mẹ́ta wá nọ́ńbà kiri ti pẹ́ jù.

Ibi tó kan àwọn onílé àlejò rèé. Ọ̀kan nínú àwọn tó fara kan Sawyer yọ́ kúrò ní Èkó, ó lọ sí Port Harcourt, ó sì gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Ibẹ̀ ni dókítà kan ti yọ́ tọ́jú rẹ̀. Ara aláìsàn yá. Dókítà ló kú, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Ó di dandan kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ní ìlú kejì. Ẹ wá rò ó pé ẹ̀yin lẹ ni irú òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ta ló gbá yàrá yẹn? Ta ló fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì? Ta ló sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, orí lẹ máa dà á sí, orí sì máa ń gbàgbé.

Ìyá Ganmọ ní, “Ó dáa, tí wọ́n bá wá kọ nọ́ńbà irọ́ ńkọ́?” Ìbéèrè yìí ló dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká ní aláìsàn kan ń kó àrùn ran èèyàn méjì. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Kí àrùn náà tó lè kú, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé a rí ju ìdajì àwọn tó fara kàn án lọ ká tó pẹ́ jù. Bí nọ́ńbà 4 nínú 10 bá jẹ́ irọ́, 2 lọ́nà 0.4 jẹ́ 0.8: ó ń relẹ̀. Bí 6 nínú 10 bá jẹ́ irọ́, ó di 1.2: ó ń gbèrú. Nọ́ńbà méjì péré ló la àárín ìjà àjàyè àti ìjà àjàkú. Bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tí wọ́n yọ lẹ́nu lóru yẹn, ṣé ẹ rò pé ó tún máa kọ nọ́ńbà òótọ́ níbòmíì? Èmi ò ní kọ ọ́ tó bá jẹ́ èmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọmọkùnrin géètì yẹn ba ìlera ìlú jẹ́, kì í ṣe ìwà nìkan.

Ìjọba náà lè ba irú ìgbẹ́kẹ̀lé yìí jẹ́. Ní Jámánì, òfin ti sọ láti ìparí ọdún 2020 pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nìkan ló lè fi àkọsílẹ̀ àlejò ilé oúnjẹ ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì pa á rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Síbẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan ṣubú tó kú lẹ́yìn tó jáde nílé oúnjẹ kan ní Mainz lóṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá gba orúkọ àwọn oníbàárà láti inú áàpù Luca, wọ́n sì fi wá ẹlẹ́rìí. Èèyàn bínú gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ ohun tó jọ ọ́: ohun tí o torí ẹ̀ gba dátà ni kí o fi ṣe, má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tí o nílò rẹ̀.

Kí wá ni à ń nílò fún ìlera? Orúkọ, nọ́ńbà tó ń lọ, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ, yàrá tó sùn. Ó tán. BVN kọ́, ẹ̀sìn kọ́, fọ́tò NIN lórí WhatsApp kọ́ rárá. (Ìwé tí òfin bá ní kí òtẹ́ẹ̀lì ní fún ètò ààbò, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ èyí.) Nípa iye ọjọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n tọ́jú ti COVID fún ọjọ́ 21 ní ọdún 2020: 14 tí kòkòrò lè fi lúgọ, 7 fún àyẹ̀wò àti ìwákiri. Ebola àti ibà Lassa lè lúgọ tó 21, nítorí náà èmi fi 7 lé e, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìwé ńlá ti kúrò lórí tábìlì báyìí. Àlejò kọ̀ọ̀kan ń kọ tirẹ̀ sí bébà kékeré, ó ń ká a, ó ń sọ ọ́ sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ Ìyá Ganmọ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀sẹ̀ kan, àpò ìwé kan. Mo ti kọ 6232, nọ́ńbà NCDC, sára àpótí náà, torí bí ẹnì kan bá pè lójijì pé òun ni ìjọba, pé kí wọ́n ka orúkọ fún òun, wọ́n á kọ́kọ́ fi pe ibẹ̀ wádìí.

Wọ́n bi mí pé, “Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá béèrè ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹ ó kàn sun ún ni mà.”

Wọ́n ní kí n tètè dé ní Sátidé, pé àpò àkọ́kọ́ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn sì fẹ́ fi dáná ọ̀ọ̀rọ̀.