Ta ló ní kò sí obìnrin tó fi ọnà jẹun rí?

Ìbéèrè
Yunifásítì FUTA ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, àdìrẹ ni mo sì ń ṣe tà níhìn-ín l'Ákúrẹ́. Bàbá mi, tó wà ní Oǹdó, ní òun ò rí obìnrin tó fi ọnà jẹun rí, pé kí n lọ wá iṣẹ́ ìjọba. Ṣé lóòótọ́ ni? Àwọn oníbàárà ń yìn mí, àmọ́ owó kì í kù lọ́wọ́ mi.
Aládìrẹ, Àkúrẹ́

Ìdáhùn
Ọmọ mi, má bínú sí bàbá rẹ. Àníyàn ọmọ ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ti ń fi ọnà jẹun tipẹ́, kí wọ́n tó dá FUTA sílẹ̀ ní 1981.

Wo Ọ̀wọ̀ tó wà nítòsí yín. Obìnrin ló ń hunṣọ níbẹ̀, lórí òfì tó dúró sára ògiri ilé. Aṣọ wọn fẹ̀, wọ́n á rán méjì mẹ́ta pọ̀. Ẹni tó fẹ́ joyè, tàbí tó fẹ́ sin òbí rẹ̀ bó ti yẹ, ilé ahunṣọ ló ń kọrí sí.

Abẹ́òkúta ni n ó ti pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó rẹ wà. Láàárín 1920 sí 1930, ọjà àdìrẹ ibẹ̀ gbóná débi pé àwọn oníṣòwò láti Senegal ń wá rà á. Aládìrẹ á ra aṣọ funfun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó, àwìn nígbà mìíràn, á dì í tàbí kó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí i. Aláró ló kàn: òun ló ní ìkòkò tí wọ́n dá lu nídìí, tí omi eérú ń sẹ̀ jáde lára rẹ̀, òun ló ní èlú. Aṣọ á wọ aró, á jáde gba afẹ́fẹ́, á tún wọ̀ ọ́, títí á fi dúdú. Aládìrẹ á sì san owó aró fún un kí ó tó gbé aṣọ lọ sọ́jà. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀, tí ìjà lórí sódà àti aró òyìnbó dé, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1936. Ìjọba kì í gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ nítorí eré ọwọ́dilẹ̀.

Ní tìrẹ, ìwọ lo ń yà á, ìwọ lo ń rẹ ẹ́, ìwọ lo tún ń tà á, owó ẹnì kan ṣoṣo lo sì ń gbà. Ó dùn mí gan-an. Kọ owó aṣọ, aró, àbẹ́là àti gáàsì sílẹ̀. Kọ owó ọwọ́ tó yà á, owó ọwọ́ tó rẹ ẹ́, àti ti ẹni tó tà á. Ìgbà yẹn ni kó o tó dárúkọ iye.

Bàbá rẹ lè béèrè nípa obìnrin kan tó fi ọnà jẹun, Nike Davies-Okundaye. Ogidi ni wọ́n bí i sí ní 1951. Ìyá ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ. Ó dá ibùdó ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ l'Óṣogbo ní 1983, ó sì ní ilé ìṣàfihàn ńlá ní Lekki lónìí.

Oǹdó kì í ṣaláìní ìnáwó, oyè ń bẹ, ìsìnkú ń bẹ. Ní kí bàbá rẹ mú ọ mọ àwọn ìdílé tó ń múra ayẹyẹ, kó o lọ fi aṣọ hàn wọ́n. Má fún ẹnikẹ́ni láwìn o, ìbátan ì báà ṣe. Gba ìdajì owó kó o tó ki aṣọ bọ aró.