Ẹ̀rọ Tí Ń Dá Ṣiṣẹ́ Lóko: Ẹsẹ̀, Ọwọ́ àti Ojú Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa,

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé, ọwọ́ tí ń di ọkọ́ mú ń dín kù. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ṣe ń wádìí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa dá ṣiṣẹ́ lóko. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní róbọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀nà mẹ́ta yẹ̀wò nínú ìwádìí wọn.

1. Ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó wà kí ó má ba à tẹ ohun ọ̀gbìn mọ́lẹ̀. Àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2017, Yunifásítì Harper Adams, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbin ọkà bálì sí hẹ́kítà 1, wọ́n sì kórè rẹ̀, láìsí awakọ̀ lórí ẹ̀rọ. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 4.5 ni wọ́n kó.

2. Ọwọ́. Èyí ṣòro ju ìrìn lọ, nítorí irin kì í tètè mọ ohun tí ó rọ̀. Ní ọdún 2019, Yunifásítì Cambridge fi ẹ̀rọ kan hàn tí ń fi kámẹ́rà wá ẹ̀fọ́ létúùsì tí ó gbó, tí ó sì ń fi ọ̀bẹ gé e. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ yá jù ú lọ.

3. Ojú. Èyí ni ó kàn wá jù. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà àti IITA, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, jọ ṣe Nuru, ohun èlò orí fóònù. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti sọ àrùn wọn kọ́ ọ, títí ó fi lè dá àrùn mọ̀ fúnra rẹ̀. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ó bá ń wo ewé.

Ọ̀kan nínú àrùn tí ó ń wá ni mòséìkì. Ewé ẹ̀gẹ́ tí ó bá mú a máa ní àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè, a sì lọ́ pọ̀. Kòkòrò funfun kékeré tí ń fò ni ó ń gbé e kiri. Igi ẹ̀gẹ́ tí ó ní àrùn sì ń gbé e wọ oko tuntun. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn.

Ẹ má ṣe dúró de róbọ́ọ̀tì kí ẹ tó ṣe nǹkan wọ̀nyí:

(a) Ẹ wo ewé dáadáa kí ẹ tó gé igi tí ẹ ó gbìn.
(b) Ẹ tètè fa èyí tí ó ń ṣàìsàn tu.
(d) Ẹ fi okùn fa ìlà, kí ẹ sì fi mítà 1 sí àárín ẹ̀gẹ́ kan sí èkejì.

Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ojú yín ni ẹ kọ́kọ́ lò.