Àpótí Ìmọ̀: Àfòpiná Tó Ni Sányán

Ojúlówó sányán tí àwọn àgbà Èjìgbò ń wọ̀ lọ síbi ìnáwó, àfòpiná ló ni ín. *Anaphe* ni àwọn onímọ̀ ń pe àfòpiná náà. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni *Anaphe venata*, tí Butler kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1878.

Ìyẹ́ apá rẹ̀ funfun bíi wàrà, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ sì là á kọjá. Ìwo orí rẹ̀ rí bí òòyà. Abo ní irun kíki nídìí, èyí tó fi ń bo ẹyin rẹ̀.

Òun àti labalábá jọ wà nínú ẹgbẹ́ Lepidoptera, ṣùgbọ́n ìdílé Notodontidae ni tirẹ̀. Kòkòrò sẹ́dà ilẹ̀ Ṣáínà, *Bombyx mori*, wá láti ìdílé Bombycidae. Ẹ ò rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá!

Ewé arère ni ọmọ *venata* ń jẹ. Ìrà ni ti *Anaphe infracta*. Àwọn ọmọ náà máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí igi, wọ́n sì jọ ń hun ilé ńlá kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń sùn sí. Ẹ má fọwọ́ kàn án o: irun wọn ń yúnni gidigidi. Omi eérú ni àwọn tó ń ṣe sányán fi ń se ilé yìí kí wọ́n tó ran án lówùú.

Àwọn kan ń yan ọmọ *venata* jẹ. Ó ní èròjà thiaminase, tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ó sì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.