Kí ló dé tí wọn kì í fẹ́ pàtẹ ohun èlò orin mọ́?

Ìbéèrè: Gángan ni mo ń ṣe tà ní Ayétẹ̀. Mo gbọ́ pé lókè òkun, àwọn tó ń ṣe gìtá kì í fẹ́ lọ síbi ìpàtẹ mọ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ọmọ Àyàn, ẹ wo NAMM, ìpàtẹ ohun èlò orin ní Amẹ́ríkà. Ti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ní Anaheim ni àwọn tó ń ṣe gìtá máa ń kó ọjà tuntun wá. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe ti ìgbà ooru ní Nashville, tó bá fi máa dé, ohun tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn mọ́, síbẹ̀ wọ́n á tún sanwó àyè, owó ọkọ̀ àti ti ilé ìtura. Àwọn oníbàárà sì ti wo ọjà náà lórí YouTube. Ọdún 2021 ni wọ́n pàtẹ ti Nashville kẹ́yìn. Ìpàtẹ Musikmesse ti Frankfurt ní Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980, náà ti kógbá sílé.

Lójú tèmi, àkókò ló ń ba ìpàtẹ jẹ́ jù. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá pàtẹ ní Igbó-Ọrà nígbà ọdún ìbejì, nínú oṣù Ọ̀wàrà, ìgbà yẹn gan-an lẹ ń sá awọ fún iṣẹ́ oṣù Ọ̀pẹ. Ẹ ó pa iṣẹ́ tí wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún tì, ẹ ó lọ jókòó ti àwọn òǹwòran. Síbẹ̀, ó dùn mí pé ìpàtẹ ń kógbá sílé, torí fóònù ò lè sọ bí ọṣán ìlù ṣe le tó. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Tí àwọn tó ń ṣètò bá dín owó àyè kù, tí wọ́n sì pe àwọn olórin àti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tó ń ra ìlù wá, ẹ lọ.