Bí A Ṣe Ń Dá Eyín Ẹja Ekurá Àtijọ́ Mọ̀

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí eyín ẹja ekurá, ẹja ńlá apanijẹ inú òkun, èyí tí ó ti di òkúta nínú ilẹ̀. Kèrékèré ni egungun ẹja yìí, tètè ni í jẹrà. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ le. Bí ọ̀kan bá re, òmíràn a hù, títí yóò fi pàdánù ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ó tó kú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé eyín ni a sábà máa ń rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àjèjì ni irú ìmọ̀ báyìí sí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa. Al-Biruni, nínú ìwé Tahdid tí ó parí ní 1025, ṣàlàyé pé òkun ni aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá nígbà kan rí. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìkarahun tí wọ́n ń bá pàdé nínú òkúta bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga.

Khouribga ní ilẹ̀ Mòrókò, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má wo àwọ̀ eyín rárá. Ilẹ̀ tí ó sùn sí ló kùn ún. Títóbi náà a máa tanni, nítorí eyín iwájú àti ti ìkángun ẹnu kan náà kò dọ́gba. Etí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ìka tọ́. Bí ó bá jọ̀lọ̀ bí etí ọ̀bẹ, tí ó fẹ̀, tí eyín kékeré kan sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Otodus obliquus ni. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìlà wẹ́wẹ́ wà ní ojú rẹ̀ tí ó kọ sí ahọ́n, Striatolamia ni. Bí etí bá rí bí ayùn, tí ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Squalicorax ni. Ìpele ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, nítorí ìran rẹ̀ ti parẹ́ láti nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Bí oníṣòwò bá wá gbé eyín ńlá aláyùn wá, tí ó ní megalodon ni, inú fọ́sífétì Khouribga ló sì ti wá, ẹ má sanwó. Ìpele òkè pàápàá níbẹ̀ ti lé ní 45 mílíọ̀nù ọdún. Megalodon kò sì tíì tó 25 mílíọ̀nù tí ó dé ayé. Àwọn mìíràn a tún fi gọ́ọ̀mù lẹ orí eyín kan mọ́ ìdí òmíràn, wọn a fi iyanrìn bo ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí eyín, kí ó tó fọ̀ ọ́, kí ó kọ orúkọ ibẹ̀ àti bí ó ti jìn tó nínú ilẹ̀ sórí ìwé tí yóò fi wé e.