Ìtọ́jú Oyún Kì í Ṣe Iṣẹ́ Obìnrin Nìkan

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú yàrá wa pé ọ̀rọ̀ aboyún ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi mí bóyá èmi ni mo lóyún. Èmi kò bá a jà, nítorí pé bí èmi náà ti rí tẹ́lẹ̀ rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, kí ẹ fi sùúrù bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin. Bí a bá jáde kúrò níhìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò di olùkọ́ ní ìletò tí kò ní dókítà, a ó sì di ọkọ àti aya pẹ̀lú. Ní irú ìletò bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ni a máa ń gbé ìwé wá bá pé kí ó bá ni kà á.

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lóyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní agbo ilé wa ní Ẹdẹ. Nítorí pé èmi nìkan ni mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nínú ilé nígbà náà, "Akọ̀wé" ni ó ń pè mí. Èmi náà ni ó sì máa ń rán láti bá a mú káàdì rẹ̀ wá láti inú àpò ọ̀rá tí ó fi kọ́ sára ògiri, nígbàkígbà tí ó bá ń lọ sí kílíníkì. Nígbà tí oyún náà pé oṣù mẹ́jọ, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò bọ́ mọ́. Inú gbogbo ilé dùn. Wọ́n ní oyún náà yẹ ẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin ni yóò bí. Ó ní orí ń fọ́ òun, a sì ra oògùn ẹ̀fọ́rí fún un. Ó tún ní òun ń rí ohun tí ń tàn yinrinyinrin níwájú òun; ìyá wa àgbà dáhùn pé oòrùn ọ̀sán gangan ni ó rìn nínú rẹ̀, wọ́n sì fi pín-ìnnì há a létí aṣọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn aboyún ilẹ̀ wa.

Ní òru ọjọ́ kẹta, gìrì mú un. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìbàdàn níbi tí ó gbé ń ṣiṣẹ́, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbé ìyàwó oníyàwó lọ sí ilé ìwòsàn láìgbọ́ tẹnu ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ̀ bí owó wà nílẹ̀ tàbí kò sí. Àwọn kan ń fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀. Àwọn kan ń wá àgbo kiri. Ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó rí ọkọ̀. Ìyá yè. Ọmọ kò yè.

Nígbà tí a padà dé ilé, mo yọ káàdì náà nínú àpò ọ̀rá rẹ̀, mo sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò le fún ọmọ kíláàsì kẹrin, a tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé bí ojú tàbí ọwọ́ aboyún bá wú, bí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kò bá lọ, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, kí ó wá lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ kílíníkì. Mo ti mú káàdì yẹn lọ́wọ́ tó ìgbà mẹ́fà.

Àìsàn tí mo sọ yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní pre-eclampsia. Bí gìrì bá ti wọ̀ ọ́, ó di eclampsia. Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibi ọmọ ni orísun rẹ̀, nígbà tí kò bá fi ìdí múlẹ̀ nínú ilé ọmọ bí ó ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá a ru sókè, èròjà pùrótéènì a sì máa bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Kì í ṣe oòrùn ni ó fà á, kì í sì í ṣe ọwọ́ orogún. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í dun aboyún rárá. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì fi ń di aṣọ ìwọ̀n mọ́ aboyún lápá tí ó sì ń gba ìtọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aboyún náà ń ráhùn pé ara òun le. Kí a má ṣe ṣì mí gbọ́: ẹsẹ̀ tí ó wú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ wọ́pọ̀ lára ọ̀pọ̀ aboyún. Wíwú ojú àti ti ọwọ́ tí ó dé lójijì, pàápàá pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, ìríran tí ó ṣókùnkùn, tàbí ìrora lókè ikùn lápá ọ̀tún, ni kí a sá fún. Bí gìrì bá sì ti mú aboyún, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì lélẹ̀, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a sì máa gbé e lọ.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Iyọ̀ kan ni, magnesium sulphate ni orúkọ rẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2002, tí a ṣe láàrin àwọn obìnrin bí 10,000 ní ilẹ̀ 33, fi hàn pé ó ń dín gìrì aboyún kù dé ìdajì. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ó wà ní ilé ìwòsàn kò lè ran ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sínú yàrá ní agbo ilé lọ́wọ́.

Ọ̀ràn yìí kì í sì í ṣe ti agbo ilé wa nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ wa, ṣe àyẹ̀wò ìbí 22,774 ní ilé ìwòsàn ní Zaria láàrin 1976 àti 1979. Ó rí i pé àwọn tí kò wá fún ìtọ́jú oyún rárá, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ewu dé ni a gbé wọn wá, ni ikú pa jù, wọ́n sì fi púpọ̀púpọ̀ ju àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ. Ní 2023, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú àwọn obìnrin bí 260,000 tí oyún àti ìbímọ pa ní gbogbo ayé, bí 75,000 jẹ́ ti Nàìjíríà.

Àwọn tí ó ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé ìdádúró ni ó ń pa aboyún: ìdádúró nínú ilé kí a tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró ní ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, aládùúgbò wa, dá ètò tí a ń pè ní Abíyè sílẹ̀ ní 2009, tí a fi ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dore bẹ̀rẹ̀, àwọn ìdádúró wọ̀nyí gan-an ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n fún aboyún ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ìjọba lè ṣe ọ̀nà, ó sì lè ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìdádúró àkọ́kọ́, èyí tí ó wà nínú ilé, ọwọ́ ọkọ àti ìyá ọkọ ni ó wà. Ní ilẹ̀ wa, aboyún ni ewu wà lára rẹ̀, ẹlòmíràn ni àṣẹ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí àṣẹ wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó yẹ kí ó mọ àwọn àmì ewu jù.

Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tún lóyún, a kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Oyún kò tí ì pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi fi bá a lọ sí kílíníkì, ó sì jókòó láàrin àwọn obìnrin títí a fi pè wọ́n. (Ó ní ojú ti òun fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.) Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ láti 2016 pé kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera tó ìgbà mẹ́jọ, kí àkọ́kọ́ sì wà láàrin ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́. Nítorí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, dókítà fún un ní aspirin kékeré tí ó ń lò lójoojúmọ́ kí gìrì má baà padà wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá èyí lò fúnra rẹ̀. Wọ́n fún un ní èròjà irin àti folic acid nítorí ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti oògùn ibà SP tí a ń lò láti oṣù kẹrin lọ, ó kéré tán ní ìgbà mẹ́ta, kí oṣù kan sì wà láàrin ọ̀kan àti èkejì. Ibà inú oyún léwu: ó lè fara pamọ́ sínú ibi ọmọ, kí ó máa jẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí ọmọ sì kéré, láìjẹ́ pé ara ìyá gbóná rárá.

Oúnjẹ ni ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹyin àti ìgbín. Ìyá wa àgbà kọ̀: bí aboyún bá jẹ ìgbín, ọmọ yóò máa da itọ́, bí ó bá jẹ ẹyin, ọmọ yóò jalè. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́. Bí itọ́ bá ń dà, èmi ni n ó máa nù ún." Ìyá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí. Ní ti àgbo, ó gbà láti fi sílẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé ewé mìíràn wà tí ó ń mú ilé ọmọ sún kì kí ọjọ́ ìbí tó pé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ìmúrasílẹ̀ wọn. Láti oṣù karùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi owó díẹ̀díẹ̀ sínú kólò, ó sì fi ibi tí kólò náà wà han ìyá wa. Ó sọ lójú gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àmì ewu, kí ó gbé ìyàwó òun lọ, kí ó má ṣe wá òun. Ó bá awakọ̀ kan ní àdúgbò wa ṣe àdéhùn pé yóò dáhùn lóru. Ó wá ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn dára tí wọ́n sì ṣe tán láti fi tọrẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbí kì í fúnni ní àyè láti wá ènìyàn. Èmi ni a fún ní iṣẹ́ káàdì: ní alẹ́ gbogbo ọjọ́ kílíníkì, mo ń ka ohun tí a kọ síbẹ̀ sókè fún wọn ní èdè Yorùbá, tojú tẹ̀yìn.

Ní òpin oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ọjọ́ náà gan-an ni a gbà á sí ilé ìwòsàn, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni a sì gbẹ̀bí ọmọbìnrin kan tí ó kéré, ṣùgbọ́n tí ó ké. Wọn kò tètè jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sílé, nítorí gìrì yìí lè dé lẹ́yìn ìbí pàápàá. Ọmọ náà ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, itọ́ rẹ̀ kò sì dà ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà fóònù awakọ̀ náà ṣì wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa níbi tí mo fi èédú kọ ọ́ sí; ìyàwó àbúrò bàbá mi pè é ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù tí ó kọjá.