Ta Ni Ó Ń Tẹ Àlìkámà Mọ́lẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, èje náà gan-an ni ó wà níbẹ̀; àwa ni a kò kà á dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn àwọn àmì róbótó tí wọ́n ń rí nínú oko àlìkámà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ọkọ̀ àwọn ará ọ̀run ni ó ń bà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò ní Ọsirélíà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ní Tully ní Queensland, àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan wà lórí katakata rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ariwo tí ń dún ṣìì. Ó ní òun rí ohun kan bí àwo méjì tí a dojú wọn dé ara wọn, tí ó gbéra láti inú àbàtà, tí ó sì fò lọ. Nígbà tí ó débẹ̀, koríko inú omi ti yí po, ó tẹ́ róbótó, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30. Àwọn kan ní ìjì ni.

Gẹ̀ẹ́sì kan, Doug Bower, ti gbé Ọsirélíà rí, ó sì rántí ìròyìn yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1978, òun àti Dave Chorley ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò ní ilé ọtí, wọ́n wọ oko àlìkámà lóru ní Hampshire. Pákó, okùn, àti fìlà tí wọ́n so wáyà róbótó mọ́ láti fi wo ọ̀kánkán: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìyàwó Bower tilẹ̀ fura sí iye máìlì tí mọ́tò ọkọ rẹ̀ ń rìn lóru, ó rò pé obìnrin ni. Àlìkámà ni!

Àwọn olùwádìí jáde. Pat Delgado àti Colin Andrews, tí wọ́n jẹ́ ẹnjiníà, wọn àwọn àmì náà, wọ́n ya fọ́tò wọn, wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1989. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ohun kan tí wọ́n gbára lé ni pé igi àlìkámà náà tẹ̀, kò dá. Ṣùgbọ́n àlìkámà tútù kì í tètè dá, oríkèé rẹ̀ a sì tún máa gbé e dìde lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́. Àmì yẹn kò lè ya iṣẹ́ ènìyàn sọ́tọ̀ rárá.

Ibi tí ó ṣòro jù nìyí. Terence Meaden, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, ní afẹ́fẹ́ tí ń yí ni. Bower àti Chorley gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlà gbọọrọ mọ́ iṣẹ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní afẹ́fẹ́ mọ́. Ìjì kò lè ka ìwé wa. Ènìyàn lè kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ gba oríkì sílẹ̀ lábúlé mọ̀ ọ́n: bí baba bá ti mọ ohun tí a ń wá, ó lè fi díẹ̀ kún un fún wa.

Ní 1991, àwọn méjèèjì jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn Today. Wọ́n ṣe ọ̀kan ní Kent lójú àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n sì pe Delgado wá wò ó. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n sọ òtítọ́ fún un, ó gbà ní gbangba pé wọ́n ti tan òun jẹ. Èmi kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mélòó nínú àwa ọ̀mọ̀wé ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìwé tí a ti tẹ̀ jáde?

Chorley kú ní 1996, Bower ní 2018, síbẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ń bá iṣẹ́ náà lọ ní Wiltshire. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, àgbẹ̀ tí ó ni oko ni a kì í sábà bi léèrè. Àwọn kan ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn aṣèbẹ̀wò láti fi dí àdánù wọn. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá ti rí àmì náà, ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé wá láti gé e kúrò.